Bó o ṣe máa to ìtàn òṣèlú Bríd Rodgers kó má dojú rú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn àwọn olóṣèlú ní Yorùbá, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í ni pé ipò tó ga jù la fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó kọ "mínísítà tẹ́lẹ̀ rí" sókè gàdàgbà, ìyókù á wá di kékeré nísàlẹ̀. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin bíi Bríd Rodgers ti Àríwá Áyálándì, o ti ba ìtàn náà jẹ́ nìyẹn, torí inú ipò tí kò dún lẹ́nu àti inú ìbò tó fìdí rẹmi ni gbogbo iṣẹ́ yẹn wà. Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé.

Mú bébà kan, pín in sọ́nà mẹ́rin: ọdún, ipò, ibi tí ipò náà wà, àti ẹni tó gbé e débẹ̀. Ọ̀nà kẹrin yẹn, má fò ó o. Ṣé aráàlú ló dìbò fún un ni, àbí ẹgbẹ́ ẹ̀ ló yàn án, àbí ẹnì kan ló kàn ránṣẹ́ pè é?

Kó o tó kọ nǹkan kan síbẹ̀, jẹ́ kí àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè níbẹ̀ yé ẹ. Nationalist ni wọ́n ń pe àwọn tó fẹ́ kí gbogbo Áyálándì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, Kátólíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn. Unionist ni àwọn tó fẹ́ kí Àríwá dúró ti Ìlú Ọba, Pùròtẹ́sítáǹtì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ló lórúkọ jù láàárín àwọn nationalist: SDLP tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọn ò fara mọ́ ìbọn rárá, àti Sinn Féin tóun àti IRA, ìyẹn àwọn tó ń fi ìbọn jà kí Áyálándì lè di ọ̀kan, jọ ń rìn nígbà yẹn. SDLP ni Bríd Rodgers, má lọ dà á pọ̀ mọ́ IRA, ìbanilórúkọjẹ́ nìyẹn.

Ibi tí wọ́n bí i sí náà máa ń ti èèyàn ṣubú. Gweedore ní Donegal ni, lọ́dún 1935, abúlé tí wọ́n ti ń sọ èdè Irish gangan. Tó o bá wo máàpù, òkè téńté ní Donegal wà, ṣùgbọ́n kò sí lára Àríwá Áyálándì, apá Olómìnira ló wà, ìyẹn Áyálándì tó ti dá dúró kúrò lábẹ́ Ìlú Ọba. Lọ́dún 1960 lòun àti ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ dókítà eyín kó wá sí Lurgan ní Armagh. Ó túmọ̀ sí pé ó sọdá bọ́dà kó tó bẹ̀rẹ̀ òṣèlú, kọ ọ́ sílẹ̀, wàá nílò ẹ̀ níwájú.

Wá fara balẹ̀ síbi àwọn ọdún 1960. Kò tíì du ipò kankan nígbà yẹn, ìjà ẹ̀tọ́ aráàlú ló wà nínú ẹ̀, ilé àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ń du àwọn Kátólíìkì. Ohun tó yẹ kó o ṣàlàyé fún ẹni tó ń kà á ni ìdí tí ilé lásán fi di ìjà. Tó bá di ìbò káńsù nígbà náà, ẹni tó ní ilé tàbí tó rẹ́ńtì ẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀, pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ṣì ń sùn ní yàrá kan nílé bàbá ẹ̀, kò síbò fún un. Bẹ́ẹ̀ káńsù yẹn kan náà ló ń pín ilé ìjọba. Ṣó o rí i báyìí? Tí wọ́n bá ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹ lọ́wọ́, ìbò ni wọ́n kó lé ẹ lọ́wọ́ yẹn, tí wọ́n bá sì fi kọ́kọ́rọ́ yẹn dù ẹ́, ẹnu ẹ ò ní tólẹ̀ ní káńsù tó fi dù ẹ́. Tí èyí ò bá yé òǹkàwé ẹ, ìyókù ò lè yé e.

Ó yá, kọ àwọn ipò sílẹ̀. Alága SDLP lọ́dún 1978, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ láti 1981 sí 1983, sẹ́nétọ̀ ní Dublin (olú ìlú Olómìnira) láti 1983 sí 1987, káńsílọ̀ ní Craigavon láti 1985 sí 1993. Dúró síbi 1985 sí 1987 yẹn. Obìnrin kan náà jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Olómìnira, ó tún jókòó ní káńsù tó wà lábẹ́ ìjọba Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọ̀nà kẹrin bébà ẹ ló máa jẹ́ kó yé ẹ: nínú àwọn sẹ́nétọ̀ 60 tí wọ́n ní, Taoiseach, ìyẹn olórí ìjọba wọn, ló máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ yan 11, Garret FitzGerald ló sì yàn án. Ní Craigavon ńkọ́? Aráàlú ló dìbò fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ àwọn ìbò tó fìdí rẹmi, gbogbo ẹ̀. Ó ń dupò aṣòfin Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní agbègbè ìdìbò Upper Bann léraléra, kò wọlé. Lọ́dún 1997 náà, David Trimble ló gbé e, unionist ni. Lọ́dún 1998, ní Upper Bann yẹn kan náà, ó wọ ilé aṣòfin Stormont, ìyẹn ilé aṣòfin Àríwá Áyálándì fúnra ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní àwọn èèyàn ti yí ọkàn padà láàárín ọdún kan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ló yàtọ̀. Ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú, ẹni tó bá ní ìbò jù ló ń lọ. Ti Stormont nígbà yẹn, èèyàn mẹ́fà ni wọ́n mú ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, agbègbè 18, àpapọ̀ 108. Olùdìbò á kọ 1 síwájú ẹni tó wù ú jù, á kọ 2, á kọ 3, ẹni tó bá sì ti rí ìdá kan nínú méje ìbò àti díẹ̀ lé e ti wọlé, ìbò tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀ á lọ bá ẹni kejì. Ìyẹn ni àwọn tí ò pọ̀ tó láti gba gbogbo ilẹ̀ ṣe ń rí àyè tiwọn níbẹ̀.

Ó di mínísítà àgbẹ̀ ní Stormont níparí 1999. Má kọ "1999 sí 2002" kó o wá máa lọ o, torí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ilé náà pa lóṣù kejì ọdún 2000, wọn ò sì ṣí i títí di ìparí oṣù karùn-ún, wọ́n tún wá tì í lóṣù kẹwàá 2002.

Ọdún 2001 ni kó o fún láyè jù, ọdún àrùn ẹran tí wọ́n ń pè ní foot-and-mouth. Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń mú, kì í sì í pẹ́ ràn. Ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba lóṣù kejì, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta wọ́n ti rí i ní Meigh, South Armagh, lára àwọn àgùntàn tí wọ́n kó wá láti ọjà Carlisle. Meigh yẹn, ẹ̀bá bọ́dà gan-an ló wà. Bríd Rodgers ní kí ẹran má kúrò lójú kan, wọ́n ti ọjà ẹran pa, wọ́n pa ẹran tó wà lágbègbè yẹn, kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò rin gbingbin ni wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà oko kí bàtà àti táyà lè tẹ̀ ẹ́ kọjá. Níparí ẹ̀, ibi mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí i ní Àríwá, ní Ìlú Ọba ó lé ní 2,000. Nígbà tó o bá ń kọ ọ́, sọ pé omi òkun tó wà láàárín náà ṣèrànwọ́, sọ pé ìjọba Dublin náà ń lé àrùn yìí nídìí bọ́dà tiwọn, ìyẹn ò ní dín iyì ẹ̀ kù. Obìnrin tó sọdá bọ́dà lọ́dún 1960 ló wá ń ṣọ́ bọ́dà yẹn.

Lóṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni SDLP ní kó lọ dupò Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní West Tyrone, torí àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Pat Doherty ti Sinn Féin ló wọlé, òun ṣe ipò kẹta. Kọ ìyẹn náà, kó o tó kọ pé ó di igbákejì olórí ẹgbẹ́ lọ́dún 2001 títí di 2004.

Tó o bá ti parí tiẹ̀, wo ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn lẹ́yìn ẹ̀: Michelle Gildernew wà níbẹ̀ láti 2007 sí 2011, Michelle O'Neill gbà á títí di 2016, Sinn Féin làwọn méjèèjì. O'Neill yìí ló di First Minister, ìyẹn ipò olórí ìjọba Stormont, lọ́jọ́ kẹta oṣù kejì 2024, nationalist àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Mú bébà míì, pín in sọ́nà mẹ́rin, kó o sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti káńsù Dungannon lọ́dún 2005.