Adìyẹ ń pa ìyẹ́ dà, ẹyin dínkù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kò sí ọdún tí wọn kì í gbé ẹjọ́ yìí wá bá mi: "Adìyẹ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò, kò yé mọ́, oògùn wo ni kí n rà fún un?" Mo ti fi ẹnu dá wọn lóhùn títí ó fi sú mi, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó náwó sórí oògùn, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ adìyẹ tí wọ́n ń rọ oògùn sí lẹ́nu ni ara rẹ̀ le koko. Èyí tí nǹkan ń ṣe gan-an ni wọ́n máa ń wò níran pé "ìyẹ́ ló ń pa dà, yóò tó lọ". Èyí ló ń dùn mí jù.

Ìbéèrè: Ìyẹ́ kún inú ilé adìyẹ, n kò sì rí ẹyin mọ́. Ṣé àìsàn ni?

Bí adìyẹ náà bá ti lé ní ọmọ ọdún kan, tó ń jẹ, tó ń mu, tí ojú rẹ̀ là kedere, kò ṣàìsàn. Ó ń pa ìyẹ́ dà ni. Ìyẹ́ a máa gbó, a sì máa fàya, nítorí náà adìyẹ a máa bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kó lè hu tuntun. Níbi tí ojúmọ́ ti máa ń kúrú ní apá kan ọdún, ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń dínkù ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọ̀sán àti òru kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra láti oṣù dé oṣù, kò ní àkókò kan pàtó. Ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí èkejì rẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù mẹ́ta òní. Èyí tó ti ń yé tipẹ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sàba tán, èyí tí òùngbẹ gbẹ, èyí tí wọ́n ṣàdédé yí oúnjẹ rẹ̀ padà tàbí tí wọ́n kó lọ síbòmíràn, gbogbo wọn lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà.

Ìdí tí ẹyin fi ń dúró kò ṣòroó mọ̀. Ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 ìyẹ́ ló jẹ́ pùròtéènì, ẹyin náà sì ń fẹ́ pùròtéènì. Ara adìyẹ kì í lè gbé méjèèjì pọ̀, nítorí náà á pa ẹyin tì ná.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sin adìyẹ mọ̀. Ẹ gbé e, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìyẹ́ ọrùn àti ti àyà rẹ̀ kó là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá rí ṣóńṣó-ṣóńṣó tó ń yọ láti inú awọ, tí èèpo fẹ́lẹ́ funfun bò ó, tí ìdí rẹ̀ ṣókùnkùn nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ìyẹ́ tuntun nìyẹn, kí ọkàn yín balẹ̀. Orí àti ọrùn ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà àyà àti ẹ̀yìn, kó tó wá kan apá àti ìrù. Ṣùgbọ́n bí awọ ibẹ̀ bá ń dán lásán, tí kò sí ṣóńṣó kankan, ohun mìíràn ló ń já ìyẹ́ náà. Ẹ máa kà á lọ.

Ìbéèrè: Yóò pẹ́ tó ìgbà wo?

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 fún èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan ń falẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìrísí tàn yín. Èyí tó burú lójú jù, tó da ohun gbogbo sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun ló sábà máa ń yé dáadáa: ó máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tètè parí. Èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń já ìyẹ́ apá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ara rẹ̀ ṣì bò, òun ló sábà máa ń lọ́ra nídìí ẹyin. Ó máa ń ká mi lára tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ti pa èyí àkọ́kọ́ jẹ, wọ́n dá èkejì sí.

Ìbéèrè: Àgbàdo ni mò ń fún wọn dáadáa kí ara wọn lè tètè bọ̀ sípò. Ó ha dára?

Kò dára tó. Pùròtéènì inú àgbàdo kò pọ̀, bí ìdá 8 tàbí 9 nínú 100 ni. Oúnjẹ layers, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún adìyẹ tó ń yé, sábà máa ń ní bí ìdá 16. Adìyẹ tó ń hu ìyẹ́ ń fẹ́ 18 sí 20, ẹ lè fi ẹja gbígbẹ lílọ̀ tàbí ìdin gbígbẹ kún un. Bí ẹ bá yàn láti fún wọn ní growers, oúnjẹ adìyẹ tó ṣì ń dàgbà, fún ìgbà díẹ̀, ẹ rántí pé kálísíọ̀mù inú rẹ̀, èròjà tó ń mú èèpo ẹyin le, kéré sí ti layers, nítorí náà ẹ bu ìkarahun lílọ̀ sọ́tọ̀ sínú abọ́ kan. Èyí tó bá ń fẹ́ ẹ yóò lọ ṣà á jẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ má máa gbé wọn lásán ní àkókò yìí. Ìyẹ́ tó ń hù ń dun adìyẹ bí a bá tẹ̀ ẹ́, bó bá sì ṣẹ́, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè: Omi ńkọ́?

Ṣé ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ṣé ó mọ́? Ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi. Adìyẹ kan ń mu bí ìdá kan nínú mẹ́rin lítà omi lójúmọ́, ooru sì lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Òùngbẹ ọjọ́ kan ṣoṣo lè dá ẹyin dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ìbéèrè: Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì yé bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ tó fi ń yé ni ẹyin máa ń pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ó ń dínkù lọ́dọọdún. Kò sí oògùn rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa tan iná fún wọn?

Ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ ló ń mú wọn yé dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má tan án fún èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì hù tán. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ìbéèrè: Wọ́n ní tí mo bá fi ebi pa wọ́n, wọn á tètè pa ìyẹ́ dà, wọn á sì tètè padà sídìí ẹyin.

Rárá. Adìyẹ mélòó kan lẹ ń sìn sẹ́yìnkùlé, ẹ má fi ìyà jẹ wọ́n nítorí ẹyin.

Ìbéèrè: Ìyẹ́ ò já púpọ̀, ara wọn dá, ṣùgbọ́n ìtẹ́ ṣófo.

Adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri lè ti rí ibòmíràn tó wù ú láti yé sí. Ẹ tì wọ́n mọ́lé di ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta, torí òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yé, ẹ ó sì mọ òótọ́. Ẹ wo ìtẹ́ bóyá èèpo ẹyin tàbí pupa ẹyin gbẹ sí i: a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti ń jẹ ẹyin. Eku àti ejò náà ń gbé ẹyin.

Láti mọ èyí tó ń yé, ẹ fi ìka kan eegun ṣóńṣó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Bí ìka méjì tàbí mẹ́ta bá gbà láàárín wọn, tí ojú ìdí fẹ̀, tó sì ní ọ̀rinrin, ó ń yé. Bí ìka kan ló gbà, tí ìdí gbẹ tó sì sún kì, kò yé.

Ìbéèrè: Ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀ ni ìyẹ́ ti já, kò sì hù padà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn orí, àkùkọ ló ń gùn ún jù. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ àyà, tí adìyẹ náà kò fẹ́ dìde nínú ìtẹ́, tó ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀, ó fẹ́ sàba ni, kò sì ní yé lásìkò náà. Bó bá jẹ́ ìdí ìrù, tí ọgbẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi ẹnu ṣá a. Ẹ tètè gbé e kúrò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa fa àwọn yòókù mọ́ra, ẹ sì wò ó bóyá àyè há wọn mọ́ tàbí oúnjẹ kò tó wọn.

Bó bá jẹ́ àyíká ìdí, ẹ la ìyẹ́ ibẹ̀ wò lọ́sàn-án. Iná adìyẹ máa ń sáré lórí awọ, ẹyin rẹ̀ a sì ṣù jọ funfun sídìí ìyẹ́. Èyí rọrùn: oògùn tí wọ́n ṣe fún adìyẹ, kí ẹ sì tún un fún wọn lẹ́yìn bí ọjọ́ 7 sí 10, nítorí oògùn kì í pa ẹyin iná.

Ìbéèrè: Ìyẹ́ ti hù tán, oúnjẹ dára, omi wà, wọn ò sì tíì dàgbà jù, síbẹ̀ ẹyin kò padà. Ogbe orí wọn sì ń funfun.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Kò sí ohun tó bá mi jà tó èyí láti ìgbà tí mo ti ń sin adìyẹ, bí ẹnikẹ́ni bá sì tún sọ fún yín pé ìyẹ́ ló ń pa dà, ẹ má gbà.

Àwọn tèmi pa ìyẹ́ dà dáadáa. Ìyẹ́ tuntun bò wọ́n, ó ń dán. Mo ń retí ẹyin, ẹyin kò wá. Ogbe tó yẹ kó pọ́n ṣì funfun, kò lẹ́jẹ̀ nínú. Mo fi ẹja lílọ̀ kún oúnjẹ wọn, pàbó ló já sí. Mo kó ìgbẹ́ wọn lọ fún dókítà ẹran kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aràn ni, kò rí aràn. Mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án gangan, mo la ìyẹ́ abẹ́ apá àti ti ìdí wọn, awọ mọ́ tónítóní. Ohun tó wá ta mí lólobó ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn kò fẹ́ wọlé mọ́. Adìyẹ tó máa ń wọ̀ kí òkùnkùn tó kùn, wọ́n wá ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fò lọ sórí òrùlé. Adìyẹ kì í sá fún ibùsùn rẹ̀ lásán.

Mo jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú dáadáa. Mo mú tọ́ọ̀ṣì àti àkísà funfun kan, mo wọlé tọ̀ wọ́n, mo fi àkísà náà nu abẹ́ igi tí wọ́n ń wọ̀ lé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Nígbà tí mo tan iná sí i, ẹ̀jẹ̀ ti fa ìlà pupa sára rẹ̀. Mo tan iná sí ibi tí igi ti wọnú pákó ògiri, gbogbo ojú ihò náà ń rìn: kòkòrò tín-tìn-tín, èyí tó ti mu ẹ̀jẹ̀ pọ́n, èyí tí kò tíì mu dà bí eérú.

Dermanyssus gallinae ni àwọn dókítà ń pè é. Bí ìdun ṣe ń ṣe fún ènìyàn ló ń ṣe fún adìyẹ: ọ̀sán á bá a nínú ihò pákó, òru á bá a lára wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń gbé adìyẹ wò lọ́sàn-án kò fi ní rí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ lóru ló ń sọ ogbe di funfun, òun náà ló ń gba ẹyin lọ́wọ́ wọn. Bó bá pọ̀ gidi, ó ń pa adìyẹ.

Mo kó ìdọ̀tí inú ilé jáde. Mo da omi gbígbóná sí gbogbo pákó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha á, mo wá fín oògùn tí dókítà yàn sínú gbogbo ojú ihò. Ó dákẹ́. Kò pẹ́, ó tún yọ. Oògùn ń pa èyí tó ń rìn, ẹyin rẹ̀ kò kú, bẹ́ẹ̀ ni níbi tí ooru bá mú, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó fún ẹyin náà láti di àgbà tó ń yé tirẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan kò tó rárá. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn náà. Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá kó adìyẹ kúrò fún ìgbà díẹ̀ ebi yóò pa á: ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀ kankan.

Oògùn nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ibi tí igi ti wọnú ògiri ni ilé rẹ̀ wà, ilé náà ni mo wó. Mo yọ igi àtijọ́, mo dáná sun ún. Mo fi igi tí wọ́n fá dán, tí kò ní èèpo, rọ́pò rẹ̀. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ tirẹ̀ láti ilẹ̀, kò kan ògiri níbì kankan. Mo fi òróró pa ẹsẹ̀ náà yíká, mo sì ń tún un pa bó bá ti gbẹ, kí kòkòrò tó bá fẹ́ gùn ún lè há síbẹ̀. Mo dí ojú àlàfo pákó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń mú àkísà funfun wọlé lálẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìní ìlà pupa kankan, ogbe wọn ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹyin sì tẹ̀ lé e.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ́n oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò oko síbi tí adìyẹ ń sùn, ẹ má sì da epo ẹ́ńjìnnì síbẹ̀. Ohun tó bá wọ ara wọn lè wọnú ẹyin, ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ ó sì jẹ ẹ́. Ẹ ka ara agolo oògùn dáadáa, ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ fi má jẹ ẹyin.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n pe dókítà ẹran?

Lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: èémí tó ń dún tàbí ẹnu tó là sílẹ̀ láìsí ooru, ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé, ọrùn tó lọ́, ẹsẹ̀ tàbí apá tó rọ, ikú tó ju ẹyọ kan lọ, tàbí ẹyin gbogbo agbo tó ṣàdédé di eléèpo rírọ̀ tàbí tí èèpo rẹ̀ hunjọ. Lúkúlúkú, àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní Newcastle, lè wà nídìí rẹ̀, kò sì ní oògùn tó ń wò ó; abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ti fún wọn ṣáájú ló ń dènà rẹ̀. Oògùn tí ẹ rà fúnra yín kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àkókò ni yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Kó tó dé, ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí wọn sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, àjẹsára tí wọ́n ti gbà àti ìgbà tí wọ́n gbà á. Bí ọ̀kan bá ti kú, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín kí ẹ tó gbé e, ẹ dì í dáadáa, ẹ gbé e síbi tó tutù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dì, kí dókítà lè rí inú rẹ̀ yẹ̀ wò.