Bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanra nígbà tó bá dé ilé

Iṣẹ́ abẹ ìsanra ni èyí tí wọ́n ń ṣe kí ẹni tó sanra jù lè fọ́n. Bí dókítà bá ti rán ojú abẹ tán, tiwa nílé ló kù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ ká yára mú èyí tó rọrùn kúrò. Kí aláìsàn máa rìn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ì báà ṣe láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí i lẹ́sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kó má pọn omi, kó má pọn ọmọ. Kí ojú ọgbẹ́ mọ́, kó sì gbẹ. Ẹ má fi òrí tàbí àgbo kankan kàn án.

Oúnjẹ ni wàhálà. Nínú irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní sleeve, nǹkan bí ìdá 4 nínú 5 àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ ni wọ́n gé kúrò. Èyí tó kù rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ojú ibi tí wọ́n sì ti rán an kò tíì jinná. Bí ibẹ̀ bá já, ohun tó wà nínú rẹ̀ á dà sínú ikùn, ìyẹn sì lè pa èèyàn.

Nítorí náà, ọjọ́ kan tàbí méjì àkọ́kọ́, omi lásán àti omi ẹran tí a ti sẹ́. Títí ọ̀sẹ̀ 2 á fi pé, ohun tó ń ṣàn: ògì tí kò ki, tí kò ní ṣúgà, mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, omi ẹja. Ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ohun tí a lọ̀ kúnná. Gbẹ̀gìrì tí kò ta, tí kò lépo púpọ̀, ni mo fẹ́ràn jù níbí. Ẹni tí kò bá ní bùlẹ́ńdà, kó ra asẹ́ ògì ní Ọjà-Ọba n'Ílọrin, kó fi sẹ́ ẹ kó lè kúnná. Ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, ẹyin sísè, ẹja rírọ̀, mọ́ínmọ́ín. Iyán àti àmàlà ṣì jìnnà. Bí ìwé tí dókítà fún yín bá yàtọ̀ sí tèmi, ẹ tẹ̀lé ìwé yẹn.

Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń wá kí i kú ewu. Wọ́n á gbé kúlà tùwó dání, Alhaja kan á sì ní, “Ó mà ti rù o! Ṣé omi ni yóò máa mu ni?” Mo rí ìyàwó ilé kan tí wọ́n fi òkèlè iyán kan ṣoṣo bẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó gbé e mì tán, ó di àyà mú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, itọ́ tó ń hó funfun ń dà lẹ́nu rẹ̀. Tèmi ni pé kúlà kò gbọdọ̀ wọ yàrá aláìsàn. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ dúpẹ́, kí àwọn ará ilé jẹ ẹ́.

Síbí ọmọdé àti àwo pẹrẹsẹ ife tíì ni kó fi máa jẹun. Kó rún un títí á fi dà bí omi lẹ́nu, kó sì dúró nígbà tí inú bá kọ́kọ́ sọ pé ó tó. Kò gbọdọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ. Lẹ́yìn tó bá jẹun, kó dúró fún 30 ìṣẹ́jú kó tó mu omi. Síbẹ̀ omi gbọdọ̀ tó lítà kan àbọ̀ lójúmọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 3 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50. Ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, kó máa fi ife ìwọn oògùn oníke tó wà ní kẹ́míìsì mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ara nílò èròjà amúaradàgbà, ó kéré tán gíráàmù 60 lójúmọ́. Ìyẹ̀fun amúaradàgbà inú agolo wọ́n. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà ṣe é lò, tí ẹ bá tún un sè dáadáa tí ẹ kò sì dín in. Ṣúgà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, rárá.

Alabukun, aspirin, ibuprofen, diclofenac: ẹ kó wọn kúrò nílé, torí wọ́n lè dá egbò sí inú. Parasitamọ́ọ̀ tó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ lè pọ̀ jù bí ara bá ti ń fọ́n, dókítà nìkan ni kó dín in kù. Fítámì di ti ọjọ́ ayé. Kí calcium (oògùn egungun) àti oògùn tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀ (iron) fi wákàtí 2 jìnnà síra. Irun lè máa re láàárín oṣù 3 sí 6, ó sábà máa ń padà. Obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún kí oṣù 12 sí 18 tó pé. Ní ti ààwẹ̀ Ramadan, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà, kí ẹ tó bi alfa nípa fídíyà, ìyẹn oúnjẹ tí ẹni tí kò lè gbààwẹ̀ fi ń bọ́ aláìní.

Ẹ̀jẹ̀ gbọdọ̀ di yíyẹ̀ wò ní oṣù 3, 6 àti 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ẹni tó ṣe tirẹ̀ l'Ékòó tàbí Íńdíà, kó gba ìwé iṣẹ́ abẹ náà, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó tó wálé.

Ibà, àyà tó ń lù kìkì, inú rírun tó ń gba èjìká, ìgbẹ́ dúdú, ẹsẹ̀ kan tó wú, èémí tó ń há, tàbí omi tí kò dúró nínú: ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà, ẹ ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó máa gbé fóònù lóru, tí á gbé yín dé ilé ìwòsàn ní Ìlọrin.