Bí Mo Ṣe Wá Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ń Gbà Sá Jáde Nínú Ẹ́ńjìnnì CG125 Bàbá Mi

Àárín àwọn ọdún 1970 ni Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ta CG125, wọ́n sì dìídì ṣe é fún ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti máa ń gun alùpùpù títí láìbojútó o. Ọ̀pá irin ni ó ń ṣí fáàfù rẹ̀ (ìdérí kékeré tí ó ń ṣí, tí ó sì ń dé ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín), kì í ṣe ṣéènì bí ti ọ̀pọ̀ Honda ẹgbẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni bàbá mi gùn lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Abẹ́òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì fẹ́ kí ó tún rìn. A gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ kí ó lè gba písítínì (irin tí ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀) tí ó fi 0.25 mm tóbi ju ti àtijọ́ lọ, a sì fi ríǹgì tuntun, ìyẹn òrùka tí ó yí písítínì ká, àti fáàfù tuntun méjèèjì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tò ó pọ̀ tán, kíìkì rẹ̀ fẹ́lẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó máa ń jẹ́ lẹ́yìn wàhálà púpọ̀, kò sì lè gun òkè kankan ní ìlú olókè yìí àfi tí mo bá dá a padà sí jíà kìíní.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí a jọ ṣe é ní Lafẹ́nwá, ẹni tí ó ti ń tún Honda ṣe kí n tó dáyé, sọ lójú ẹsẹ̀ pé, "Ọmọ mi, ríǹgì ni. Ẹ jẹ́ ká tú u." Mo bẹ̀ wọ́n pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná," wọ́n sì gbà. Ìdí tí mo fi bẹ̀ wọ́n ni pé ihò tí afẹ́fẹ́ tí písítínì ń fún pọ̀ lè gbà jáde kò pọ̀. Ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó lè gba fáàfù àgbàwọlé padà sí kábúrẹ́tọ̀, ó lè gba fáàfù èéfín lọ sí sàlẹ́ńsà, ó sì lè gba abẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tí ń dí àárín sílíńdà àti orí rẹ̀) tàbí ojú ihò púlọ́ọ̀gì bọ́ síta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní àmì tirẹ̀, ènìyàn sì lè rí àmì náà kí ó tó tú ohunkóhun.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo de géèjì tí ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ mọ́ ihò rẹ̀, mo ṣí tírótù tán pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa, mo sì ń tẹ kíìkì títí abẹ́rẹ́ géèjì kò fi gòkè mọ́. Ó dúró sí 75 psi. Sílíńdà kékeré ni ti CG125, bí okùn géèjì bá sì gùn, ó lè mú kí iye náà kéré ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà n kò gbà á gbọ́ títí mo fi gbé géèjì kan náà lọ sí CG125 aládùúgbò wa tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ka 155 níbẹ̀. Géèjì kò purọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo da nǹkan bí ṣíbí kékeré kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ihò púlọ́ọ̀gì, mo sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ríǹgì ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ọ́ìlì yóò dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò sì fò sókè. 80 péré ni ó dé. Láti ìgbà náà ni ojú mi ti kúrò lára ríǹgì.

Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tí ó wà láàárín orí fáàfù àti rọ́kà (irin tí ń tẹ̀ ẹ́), ni ó kàn, nítorí bí ó bá há jù, fáàfù kò ní padé. Mo yí fláíwíìlì (irin róbótó tí ń bá ẹ́ńjìnnì yí) títí àmì T, tí ó ń fi hàn pé písítínì ti dé òkè, fi dé ojú rẹ̀, mo sì fi ìka mi rọ́kà méjèèjì láti rí i dájú pé ìgbà ìfúnpọ̀ gan-an ni písítínì wà lókè, nítorí àmì náà máa ń yọ nígbà tí èéfín bá ń jáde tán pẹ̀lú. Àlàfo 0.08 mm tí Honda là kalẹ̀ wà níbẹ̀ gééré.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Mo ti fọ́ inú púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan dànù, mo sì ní kí wẹ́dà jó ẹnu táyà mọ́ ọn lórí, kí ó lè gba páìpù kọ̀m̀pẹ̀rẹ́sọ̀. A gbé písítínì sókè, a ti jíà bọ̀ ọ́, ẹnì kan sì tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gírígírí, nítorí bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò ti písítínì wálẹ̀ tipátipá, kíìkì sì lè ṣe ènìyàn léṣe. Mo ní kí fọkanáísà má fi afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i. Mo gbé etí sí ẹnu kábúrẹ́tọ̀, ó dákẹ́. Mo ta omi ọṣẹ sí etí gásíkẹ́ẹ̀tì, kò hó. Ní ihò tí a ti ń da ọ́ìlì, mo gbọ́ ìmí tín-ín-rín, èyí kò sì burú, nítorí ẹnu ríǹgì kì í padé tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu sàlẹ́ńsà, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lù ú láìdáwọ́dúró, ó sì ń dún ṣììì. Mo pe Ọ̀gá kí àwọn náà na ọwọ́ sí i. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Fáàfù èéfín ni, ó dájú."

A tú orí sílíńdà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù. Mo dojú rẹ̀ dé, mo da bẹntiróòlù díẹ̀ sí ihò èéfín, ó sì ń yọ lẹ́bàá fáàfù ní apá kan ṣoṣo. Mo yọ fáàfù, mo fi máákà kun ojú tí ó fi ń jókòó, mo sì yí i díẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀: máákà parẹ́ yíká, àfi ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan. Nígbà tí mo wá yí ọrùn rẹ̀ lórí dígí tí ó tẹ́jú, orí rẹ̀ ń mì. Fáàfù tuntun tí a rà ti tẹ̀ láti inú páálí rẹ̀.

Kò sí bí a ṣe lè lọ èyí kí ó dára. Mo lọ ra òmíràn, dígí mi sì wà lọ́wọ́ mi ní ìsọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá ni mo dá padà kí n tó rí èyí tí kò mì. Ìlọ fáàfù ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Ènìyàn á fi pésítì tí ó ní yanrìn sí ojú rẹ̀, á máa yí i síwá-sẹ́yìn láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á sì máa gbé e sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí pésítì lè pín dọ́gba. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dún wàràwàrà. Bí ó bá ti ń jinná, ohùn rẹ̀ á rọ̀, ìlà eérú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò já níbì kankan á sì yọ yíká. Mo fọ gbogbo pésítì kúrò pátá, nítorí èyí tí ó bá ṣẹ́kù yóò máa jẹ sílíńdà. Bẹntiróòlù tí mo tún dà sí ihò náà kò yọ rárá.

A fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, a di nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́, a sì tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe sí 0.08 mm. Géèjì ka 148. Mo ń rọra gùn ún fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan kí ríǹgì lè bá sílíńdà mu, mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo tún wo tápẹ́ẹ̀tì, mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i: 160 ni ó wà báyìí.