Bí mo ṣe wá àyè fún onídùúró nínú Odoo

Dírẹ́bà àti àwọn tó ń tajà káàkiri ni ilé iṣẹ́ wa n'Íbàdàn máa ń gbà jù. Inú fáìlì aláwọ̀ ewé kan ni ìwé wọn máa ń wà. Ti àwọn kan wà lórí WhatsApp ọ̀gá, ti ìyókù wà nínú ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Nígbà tí ọ̀gá ní kí n wá nǹkan ṣe sí i, Odoo ni mo mú, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ fi ń bójú tó iṣẹ́ wọn, nítorí ọ̀fẹ́ ni oríṣi tí wọ́n ń pè ní Community, a sì ti ń fi ka ọjà inú sítọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo fi apá Recruitment, tó wà fún gbígba òṣìṣẹ́, kún un, kò pẹ́ rárá. Ìgbà tí mo ṣí i ni mo rí iṣẹ́. Ó ti to ìpele tirẹ̀ kalẹ̀: New, Initial Qualification, First Interview, Second Interview, Contract Proposal, Contract Signed. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló dúró fún ẹnì kan, máòsì lèèyàn á fi máa wọ́ ọ láti ìpele kan bọ́ sí èkejì. Ó wuni lójú, àmọ́ ta ló ń ṣe íńtáfíù ẹ̀ẹ̀mejì fún dírẹ́bà? Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ la máa gbé fún un kó wà á láti Mọ́kọ́lá dé Bódìjà, kí mẹkáníìkì wa jókòó tì í. Ohun tí mẹkáníìkì bá sọ ló máa ń ṣẹ.

Mo lọ bá Màmá tó ń tọ́jú ìwé òṣìṣẹ́. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló ti máa ń pẹ́ jù?"

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Onídùúró ni. Ẹni tó yege lónìí lè wá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òmíràn á mú àbúrò ẹ̀ wá."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yí gbogbo rẹ̀ padà: Ìwé Wọlé, Ìdánwò Ọkọ̀, Íńtáfíù, Onídùúró, Lẹ́tà, Ó Ti Wọṣẹ́. Mo so Ìdánwò Ọkọ̀ mọ́ iṣẹ́ dírẹ́bà nìkan, kó má bàa yọjú sí àwọn tó ń tajà. Mo máàkì ìpele tó kẹ́yìn ní Hired Stage, ìyẹn ìpele ẹni tí a ti gbà.

Ó kù kí n wá àyè fún orúkọ onídùúró méjèèjì àti ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì máa parí. Studio, apá Odoo tó ń mú irú èyí rọrùn, owó la fi ń rà á, nítorí náà mo gba Developer Mode wọlé, níbi tí èèyàn ti lè yí inú Odoo padà fúnra ẹ̀. Mo tẹ "oniduuro_kinni" gẹ́gẹ́ bí orúkọ àyè àkọ́kọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Àṣé dandan ni kí orúkọ náà fi x_ bẹ̀rẹ̀. Màmá fẹ́ kí n fi NIN kún un, mo ní ó di ìgbà tí a bá ti fún èèyàn ní lẹ́tà. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 ò fẹ́ ká máa kó ohun tí a ò nílò jọ, kí la sì fẹ́ fi nọ́ńbà ẹni tí a ò ní gbà ṣe?

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ́ káàdì mẹ́sàn-án sínú Onídùúró láti fi dán an wò. Mo ti gbàgbé pé èmi fúnra mi ti so lẹ́tà kan mọ́ ìpele yẹn, pé bí káàdì bá ti débẹ̀ kó fi ímeèlì ránṣẹ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù dún.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí lẹ́tà yín o. Ṣé ẹni tó níṣọ́ọ̀bù lè dúró fún mi?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì pe àwọn mẹ́jọ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ló ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ báyìí. Ní ti onídùúró, Màmá ló ń pè wọ́n lórí fóònù.

Ọkùnrin yẹn ṣì mú onídùúró méjèèjì wá lọ́jọ́ Ajé, tàwọn ti fọ́tò pélébé lọ́wọ́. A ò tíì gbé ọkọ̀ fún un wà.