Aáyù mi ń korò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi aáyù tútù dáná

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí aáyù mi máa ń korò? Àtòun àtàlùbọ́sà ni mo jọ máa ń dà sínú òróró gbígbóná.

Ìdáhùn: Ó ti jóná ni. Àlùbọ́sà lómi nínú, ó lè pẹ́ lórí iná. Aáyù tí a gé wẹ́wẹ́ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Kí àlùbọ́sà tó rọ̀, òun ti dúdú. Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà rọ̀ ná, kí ẹ dín iná kù, kí ẹ wá da aáyù sí i, kí ẹ sì máa rò ó. Ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ìṣẹ́jú 1 ti tó. Gbàrà tó bá ti ń ta sánsán, ẹ da tòmátì tàbí omi lé e. Bó bá ti dúdú ńkọ́? Ẹ dà á nù tòun ti òróró rẹ̀. Mo ti ba odindi ìkòkò ọbẹ̀ jẹ́ rí nítorí òróró ṣíbí méjì tí mo ń ṣahun sí.

Ìbéèrè: Awẹ́ méjì péré ta mí lẹ́nu bí ata. Lọ́jọ́ mìíràn, awẹ́ mẹ́fà kò ta rárá.

Ìdáhùn: Ọwọ́ ọ̀bẹ ló wà. Ohun tó ń ta yẹn, allicin, kò sí nínú aáyù tí a kò tíì gé. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá fọ́ ni àwọn èròjà méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ máa pàdé, tí wọ́n á sì dá a sílẹ̀. Nítorí náà, èyí tí ẹ rin tàbí tí ẹ gún máa ń ta ju èyí tí ẹ gé gbàǹgbà-gbàǹgbà lọ. Èyí tí ẹ sọ sínú ìkòkò lódidi, ooru á ti ba ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà jẹ́ kí wọ́n tó pàdé, á sì dùn wọ̀ǹtì-wọnti. Bí ẹ bá fẹ́ kó ta, ẹ gún un, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó tó kan iná.

Ìbéèrè: Mo fi fínígà sí i, ó di àwọ̀ ewé!

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Fínígà ló mú kí èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú aáyù yí àwọ̀ padà. Ẹ jẹ ẹ́. Èhù tútù tó máa ń yọ láàárín awẹ́ náà kì í pani. Ó kàn lè korò díẹ̀, ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè rẹ ẹ́ sínú òróró, kí n gbé e sórí tábìlì?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa botulism (àìsàn májèlé oúnjẹ tó lè pani), tó máa ń wà nínú ilẹ̀, lè wà lára aáyù. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ti ń gbilẹ̀, bí inú òróró ṣe rí gan-an nìyẹn. Májèlé rẹ̀ kì í rùn, ẹnu kì í sì í mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rẹ aáyù sínú òróró, inú fíríìjì tó tutù dé 4°C ni kó wà, kí ẹ lò ó tán láàárín ọjọ́ 4. Bó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sínú fírísà kó dì. Odidi aáyù tí ẹ kò tíì bó kò nílò gbogbo wàhálà yìí: ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló fẹ́, kì í ṣe inú àpò náílọ́ọ̀nù.