Nígbà tí update bá há Windows 7 lọ́fun

Ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 7. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń sanwó ìtọ́jú àfikún rí tiwọn gbà títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ó tán síbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rọ tó ń lò ó kò tíì kúrò nílẹ̀: òmíràn ló ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, òmíràn ló gbé ètò ìṣirò owó tí kò ní ẹ̀dà tuntun. Bí wọ́n bá wá tún Windows fi sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti orí díìsìkì, tí wọ́n tẹ Windows Update, "Checking for updates" á máa yí láti àárọ̀ dọ̀sán, tàbí kí nọ́ńbà àṣìṣe kan yọ síta. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá DLL (fáìlì tí àwọn ètò Windows ń pín lò) kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí fáìlì tó ní àrùn kankan. Irinṣẹ́ tí Windows fi ń lẹ àbùlẹ̀ (ìyẹn update) mọ́ ara rẹ̀ ló ti gbó ju àbùlẹ̀ tí wọ́n gbé fún un lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo aago ẹ̀rọ náà. Bí bátìrì CR2032 tó wà lórí motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ) bá ti kú, ọjọ́ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ìwé ẹ̀rí ààbò á sì dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ kó àwọn fáìlì yín sórí díìsìkì mìíràn. Ẹ rí i pé àyè tó ṣófo lórí C: tó 10 GB, kí ẹ sì wo Properties lábẹ́ Computer bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit. Bí ẹ bá gbé ti 64-bit fún 32-bit, "The update is not applicable to your computer" ni yóò kọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ bí àbùlẹ̀ náà bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má tètè bẹ̀rù.

Nọ́ńbà àṣìṣe ló ń sọ ibi tí ọ̀nà ti dí. 80072EFE lórí Windows 7 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílé sábà máa ń túmọ̀ sí pé Windows Update inú rẹ̀ ti gbó débi pé kò lè bá sáfà Microsoft sọ̀rọ̀ mọ́. 80092004 jẹ́ ọ̀ràn òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé Microsoft ló ṣe àbùlẹ̀: láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, SHA-2 (ìlànà òǹtẹ̀ tuntun) nìkan ni Microsoft fi lu òǹtẹ̀ sórí àbùlẹ̀ Windows 7, SHA-1 àtijọ́ sì ni Windows 7 orí díìsìkì mọ̀. Kò mọ òǹtẹ̀ tuntun yẹn, ló ṣe dá ẹrù padà. 80073712 ni ti fáìlì tó bàjẹ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Fún méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn wọ Microsoft Update Catalog (ojúlé wẹ́ẹ̀bù tí Microsoft kó àwọn àbùlẹ̀ sí), kí ẹ kọ nọ́ńbà KB (nọ́ńbà tí Microsoft fi dá àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀) sínú àpótí ìṣàwárí, kí ẹ fi fláàṣì kó wọn wá. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nìyí, ẹ má fo ọ̀kan:

KB976932, ìyẹn Service Pack 1 (SP1), ìdìpọ̀ àtúnṣe ńlá fún Windows 7. Ti 64-bit tó 903 MB, nítorí náà ẹ wá dátà sílẹ̀.
KB3020369, tó ń tún irinṣẹ́ ìfàbùlẹ̀sílé ṣe.
KB3138612, Windows Update tuntun díẹ̀.
KB3125574, ìdìpọ̀ ńlá tó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbùlẹ̀ láti ìgbà SP1 títí di oṣù kẹrin 2016 jọ. Ó sún mọ́ 480 MB, kò sì ní wọlé bí KB3020369 kò bá tíì sí níbẹ̀.
KB4490628, lẹ́yìn rẹ̀ KB4474419. Àwọn méjì yìí ni wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ ní SHA-2.
KB4534310, ìdìpọ̀ oṣù kìn-ín-ní 2020.

Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà bí kò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí fáìlì .msu (àbùlẹ̀ tí ẹ gbà wá) bá dúró sójú kan níbi "Searching for updates on this computer", ọwọ́ Windows Update ló ti ń béèrè ìmọ̀ràn, òun náà sì ti há. Ẹ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, ẹ tẹ `net stop wuauserv` (àṣẹ tó ń dá Windows Update dúró), kí ẹ tẹ .msu náà lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣì ṣorí kunkun, ẹ tú u palẹ̀:

mkdir C:\kb
expand -f:* C:\windows6.1-kb4474419-v3-x64.msu C:\kb
dism /online /add-package /packagepath:C:\kb\Windows6.1-KB4474419-v3-x64.cab

Kí orúkọ .msu àti ti .cab (ìdìpọ̀ tó wà nínú rẹ̀) bá ohun tó wà nínú fódà yín mu.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí desktop tí kò ní UPS tàbí inverter. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà "Configuring Windows updates", ẹ̀rọ lè máa pa ara rẹ̀ tàn ara rẹ̀ láìdé ojú ìwé kankan. Ẹ tẹ F8, ẹ mú Repair Your Computer, ẹ wọ Command Prompt. Ẹ fi `dir` wo lẹ́tà tí Windows wà lórí rẹ̀, nítorí C: tẹ́lẹ̀ sábà máa ń di D: níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àṣẹ yìí fagi lé àbùlẹ̀ tí kò parí:

dism /image:D:\ /cleanup-image /revertpendingactions

Bó bá jẹ́ pé ohun tó ti wá sílẹ̀ ní ìdajì ló ń dí ọ̀nà, ẹ dá wuauserv, bits àti cryptsvc (àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows mẹ́ta) dúró pẹ̀lú net stop, kí ẹ yí orúkọ C:\Windows\SoftwareDistribution àti C:\Windows\System32\catroot2 padà sí .old, kí ẹ tún àwọn iṣẹ́ mẹ́ta náà tàn. Bí catroot2 bá kọ "Access is denied", cryptsvc ti jí padà ni. Ẹ tún un dá dúró kí ẹ yára. Ìtàn àwọn update àtijọ́ á pòórá lójú ìwé Windows Update, ṣùgbọ́n àwọn àbùlẹ̀ fúnra wọn kò lọ síbì kan.

Ó wá ku fáìlì tó bàjẹ́ lóòótọ́. `sfc /scannow`, àṣẹ tó ń yẹ àwọn fáìlì Windows wò, la fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní òun rí ìbàjẹ́ tí òun kò lè tún ṣe, ìdí rẹ̀ rọrùn: fáìlì inú System32 àti èyí tó wà nínú àká WinSxS, ibi tí sfc ti ń bu fáìlì, sábà máa ń jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ti bàjẹ́ nìyẹn, sfc kò sì ní ibi tí yóò ti bu tuntun. Ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú àṣẹ /restorehealth ti dism, Error 87 ni Windows 7 yóò fi dáhùn; ti Windows 8 sókè nìyẹn. KB947821, irinṣẹ́ Microsoft tó ń yẹ àká náà wò, ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ wá ka C:\Windows\Logs\CBS\CheckSUR.log. Ìlà tó ní "(f) CBS MUM Corrupt" á dárúkọ fáìlì .mum kan (fáìlì tó ń ṣàpèjúwe àbùlẹ̀), nọ́ńbà KB tó ni ín á sì wà nínú orúkọ náà. Ẹ gba KB yẹn, ẹ tú .msu, ẹ tún tú .cab inú rẹ̀, ẹ mú update.mum àti update.cat, ẹ sọ wọ́n ní orúkọ tí ìwé náà kọ gẹ́lẹ́, ẹ kó wọn sí C:\Windows\Temp\CheckSUR\servicing\packages, kí ẹ tún KB947821 ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Bó bá di dandan kí ẹ fọwọ́ pààrọ̀ DLL, inú Windows 7 mìíràn tí Version DLL náà (ẹ wo Details nínú Properties rẹ̀) bá tiyín mu ni kí ẹ ti mú un. Ẹ fi takeown /f àti icacls /grant administrators:f gba àṣẹ, kí ẹ fi ren yí orúkọ ti àtijọ́ padà kí ẹ tó da tuntun sí i. Ẹni tó bá da tuntun lé àtijọ́ lórí ti kọ ọ́ wọ inú àká náà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní ibi ìpadàsí mọ́. Lórí 64-bit, SysWOW64 ni DLL 32-bit ń gbé, kì í ṣe System32, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn dà bí òdì kejì ara wọn.

Bí KB4534310 bá wọlé tán tí àwòrán ojú desktop yín di dúdú, ẹ kò ṣe àṣìṣe kankan. Àbùlẹ̀ náà ló ba ìlànà Stretch (èyí tó ń na àwòrán kún ojú desktop) jẹ́. KB4539602 ló ń tún un ṣe, tàbí kí ẹ yan Fill dípò rẹ̀.