Bí mo ṣe kọ́ láti fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí kòkó ń wọlé

Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ wà lójú ọ̀nà Oǹdó ní Àkúrẹ́. Kòkó ni a ń rà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà tó ń kó o wá láti Ìdànrè, Ọ̀wẹ̀nà, Ilé-Olújì àti àwọn abúlé tó wà káàkiri ibẹ̀. A ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó wọ̀n ọ́n, a ó tò ó sí sítọ́ọ̀, lẹ́yìn náà a ó dì í sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi yẹ kòkó wò kí wọ́n tó fi mí ṣe ọ̀gá ẹ̀ka náà, tí ènìyàn mẹ́fà sì wà lábẹ́ mi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń darí ènìyàn. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà, wọ́n fi díẹ̀ kún owó oṣù mi, wọ́n sì kí mi kú oríire. Odidi ọdún kan ni mo fi ṣe iṣẹ́ tuntun yìí bí ẹni tó ṣì wà nínú iṣẹ́ àtijọ́: èmi náà ni mo ń gé hóró kòkó, èmi náà ni mo ń ka òṣùwọ̀n, èmi náà ni mo ń pe àwọn awakọ̀ lórí fóònù, bí mo bá sì dé ilé ní Ìjàpò ní aago mẹ́jọ alẹ́, àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn ni mo máa ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà títí aago mọ́kànlá yóò fi lù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, mo pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo fún ara mi ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, láti àárín oṣù kẹsàn-án di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, láti fi iṣẹ́ mẹ́rin lé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ pátápátá, kí n sì máa kúrò níbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún, láìjẹ́ pé kòkó wa bàjẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dúró títí iṣẹ́ yóò fi dín kù, nítorí pé àsìkò yẹn gan-an ni kòkó máa ń ya wọlé bí omi. N kò gbà. Bí iṣẹ́ bá ti dín kù, kò sí iṣẹ́ tí ènìyàn yóò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹni tí a ń kọ́ kò sì ní rí nǹkan tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò. Mo ti ń fọkàn sí ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Nigerian Institute of Management, àjọ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àbójútó, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1961, mo sì ṣì ń fọkàn sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi kíláàsì kún wákàtí tí n kò ní, owó nìkan ni n ó ná, n kò ní rí ẹ̀kọ́ náà lò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò ju kí n ra ìwé kékeré kan tó wọ inú àpamọ́wọ́ mi, láti máa kọ bí àkókò mi ṣe ń lọ sínú rẹ̀. Peter Drucker, onímọ̀ nípa iṣẹ́ àbójútó tí wọ́n bí ní Austria ní ọdún 1909 tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1967 pé kí ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó ní láárí má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ètò iṣẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àkókò rẹ̀ ń gbà lọ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní kété tí nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́, ní gbogbo ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Ó máa ń sú mi, pàápàá nígbà tí ọwọ́ mi bá kún fún eruku kòkó tí mo tún ní láti wá bírò. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kejì, mo fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ohun tí ẹlòmíràn lábẹ́ mi lè ṣe, ojú ìwé náà sì pọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Nínú wákàtí 54 tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, 21 ló lọ sórí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó fi mí jọ̀gá, 7 lọ sórí ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn ni, “Mà, ṣé kí a gba èyí?” Wákàtí tí mo fi kọ́ ènìyàn ní nǹkan kò pé kan. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò já fáfá. Bí mo ṣe ń wo ìwé yẹn ni mo rí i pé n kò fún wọn láyè láti já fáfá.

Láti mọ iṣẹ́ tí n ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ìbéèrè kan ni mo bi ara mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: bí ẹni tí mo fi í lé lọ́wọ́ bá ṣì í ṣe, ṣé a ṣì lè tún un ṣe kí ọkọ̀ tó jáde ní géètì? Èyí tí a bá lè tún ṣe, mo fi sílẹ̀. Èyí tí a kò lè tún ṣe, bí àdéhùn lórí iye owó àti fífi ọwọ́ sí ìwé owó, mo fi ọwọ́ mú un. Báyìí ni mo ṣe rí iṣẹ́ mẹ́rin: pípe awakọ̀, àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n, àkọsílẹ̀ sítọ́ọ̀, àti yíyẹ kòkó wò. Méjì àkọ́kọ́ kò gbà mí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, n kò sì ní nǹkan púpọ̀ láti sọ lórí wọn. Méjì ìkẹyìn ni ẹ̀kọ́ wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ni mo fi kòkó yíyẹ̀ wò lé lọ́wọ́. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó bu kòkó díẹ̀díẹ̀ láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò, a ó pò ó pọ̀, a ó ka ọ̀ọ́dúnrún hóró, a ó sì fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan gba òòró rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè hàn. Bí kòkó bá máa jẹ́ gíréèdì kìn-ín-ní, hóró tó ti bu kò gbọdọ̀ ju 3 lọ nínú 100, èyí tí inú rẹ̀ dúdú gbagidi bí sílétì nítorí pé wọn kò bò ó mọ́lẹ̀ pẹ́ tó kí wọ́n tó sá a kò gbọdọ̀ ju 3 lọ, èyí tí kòkòrò ti jẹ tàbí tó ti hù náà kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, nítorí pé kòkó tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ kò ṣeé fọkàn tán nínú sítọ́ọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é tí ó ń wò mí, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣe é tí mo ń wò ó, lẹ́yìn náà ó ń dá a ṣe, èmi yóò sì tún àádọ́ta hóró gé ní ìrọ̀lẹ́ láti fi wé tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ọ̀bẹ rẹ̀ kì í yẹ̀. Yóò tò wọ́n sórí pátákó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ̀gbẹ́ kan tòkè, ẹ̀gbẹ́ kan tìsàlẹ̀, débi pé ènìyàn lè ka àbùkù wọn láti ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo lọ sí ìpàdé ní Adó-Èkìtì. Alágbàtà kan tó ti ń tà fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ kó àpò 48 wá. Ẹ̀rọ kọ ọ̀rinrin 9.2. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àgbà ọkùnrin náà sọ fún un pé, “Màdáámù yín mọ̀ mí dáadáa, má dá mi dúró nínú oòrùn,” ó sì gbà á. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti ọwọ́ bọ àárín àpò méjì, ooru tó wà níbẹ̀ dà bí ti inú búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. A kó gbogbo rẹ̀ jáde, a tú u sórí sìmẹ́ńtì, ọjọ́ mẹ́rin ni a fi sá a, ènìyàn méjì sì ń fi ọ̀pá ìyípo yí i láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Inú bí mi. Mo ti fẹ́ gba iṣẹ́ náà padà, mo tilẹ̀ ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó fi gbà á lẹ́nu.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un ohun tí ó ní àṣẹ láti ṣe bí ẹ̀rọ bá ti kọ iye kan jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò lè dá àgbà padà ní ojú gbogbo ènìyàn bí kò bá mọ̀ dájú pé ọ̀gá wà lẹ́yìn òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti òun jọ kọ ìwé kan ṣoṣo tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n: bí ọ̀rinrin bá jẹ́ 7.5 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, gbà á, má ṣe bi mí. Bí ó bá ju ìyẹn lọ títí dé 8.5, yà á sọ́tọ̀ fún sísá, kí o sì sọ fún mi kí ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá ju 8.5 lọ, àpò kankan kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀, pè mí, ì báà jẹ́ inú ìpàdé ni mo wà. Mo wá pe gbogbo àwọn alágbàtà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn pé ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá sọ, èmi ni mo sọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú wọn pè mí láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó kọ ọjà òun. Mo bi í pé kí ni ẹ̀rọ kọ, ó sọ ọ́, mo sì dáhùn pé, “Ẹ má bínú sà, bí òun ṣe sọ ọ́ náà ni.” Kò sí ẹni tó tún pè mí lórí irú rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ sítọ́ọ̀ ló nira fún mi jù, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ náà bí kò ṣe nítorí ẹni tó ni ín. Bàbá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ó fi ọdún mọ́kàndínlógún jù mí lọ. Orí rẹ̀ ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà. Èmi ni mo máa ń lọ ka àpò fúnra mi ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ojú ń tì mí láti sọ fún un pé kí ó máa kọ ọ́. Ohun tí mò ń pè ní ìtẹríba ti sọ mí di akọ̀wé sítọ́ọ̀. N kò pè é wá sí ọ́fíìsì. Mo lọ bá a ní aago méje àárọ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe ń mọ àpò tó kọ́kọ́ wọlé?” Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ẹfun ló fi kọ ọ́ sára ògiri, ìlà fún ọ̀sẹ̀, àgbélébùú fún ìlú tí ọkọ̀ ti wá, láti ọdún tí n kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè yìí.” Ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ pè mí ní ọmọ rẹ̀, Màdáámù ni mò ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

A fẹnu kò pé ẹni tó kéré jù nínú wa yóò máa dà á kọ sínú ìwé bí Bàbá bá ti ń pè é, Bàbá yóò sì fi ọwọ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Bàbá fi tirẹ̀ kún un pé kí a má ṣe jẹ́ kí àpò kan ògiri mọ́, kí a fi àyè tí ènìyàn lè gbà kọjá sílẹ̀, nítorí pé ibi tí àpò ti kan ògiri ni ọ̀rinrin ti máa ń kọ́kọ́ wọlé. Mo ti ka irú ìmọ̀ràn yìí rí nínú ìwé. Kò sí ọjọ́ kan tí mo rò pé mo lè gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí mo ń rí lójoojúmọ́.

Láàrin gbogbo èyí, mo ń jókòó pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ̀ kì í pọ̀, mo sì ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àárọ̀ kí n tó kúrò nílé kọ́ bí a ṣe ń lo Excel orí kọ̀ǹpútà dáadáa. Ìjábọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń gbà mí ní wákàtí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lọ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, mo tún kọ àkókò mi sílẹ̀. Wákàtí 44 ni mo fi ṣiṣẹ́. 5 nìkan ni mo fi bírò pupa sàmì sí, mẹ́fà ni mo sì fi kọ́ ènìyàn. Ní oṣù kìn-ín-ní, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n sọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà di gíréédà, ìyẹn ẹni tó ń yẹ kòkó wò, pẹ̀lú owó oṣù tó bá ipò náà mu, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àdéhùn iye owó pẹ̀lú àwọn alágbàtà ṣì wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò máa bá mi jókòó níbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa wò mí.